Ẹsẹ̀ Ìyá Ẹ̀yìn

Àga tí wọ́n fún Ìyá Ẹ̀yìn lọ́jọ́ tí wọ́n fi í ṣe ọ̀gá ló kọ́kọ́ fẹ́ dójú tì í. Àga aláwọ dúdú ni, irú èyí tó máa ń yí bíríbírí, tó sì ní táyà kéékèèké lẹ́sẹ̀. Ìyá Ẹ̀yìn, tí Ẹlẹ́dàá kò ṣahun sí rárá tó bá di ọ̀rọ̀ ìdí, fi gbogbo ara jókòó lé e bó ṣe máa ń jókòó lé bẹ́ǹṣì onígi rẹ̀. Ni àga bá sá lọ lábẹ́ rẹ̀ bí ewúrẹ́ tó rí ọ̀pá. Ọpẹ́lọpẹ́ tábìlì tó dì mú. Gbogbo gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ìdí òun ti mọ ibi tó wù ú, iwájú kọ́.

Ẹ̀yìn ló wù ú lóòótọ́. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ ilé ìwé ni ibẹ̀, gbọ̀ngán gígùn kan tí fèrèsé rẹ̀ ga ju orí èèyàn lọ. Ẹnì kan kì í rán odindi aṣọ níbẹ̀. Ẹni tó ń gé aṣọ wà lápá ẹnu ọ̀nà. Tó bá gé e tán, á tì í sí ẹni tó ń rán ọrùn. Ẹni yẹn á tì í sí ẹni tó ń rán apá. Bẹ́ẹ̀ ni ṣẹ́ẹ̀tì á máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ títí á fi dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹ̀yìn ní ìparí gbọ̀ngán, tó ń pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀, tó sì ń ṣẹ́ etí rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti ń bọ́ sí ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í, ìyẹn Ìyá Bọ́tìnì, kó tó lọ bá àwọn tó ń lọ aṣọ. Ọwọ́ ni Ìyá Bọ́tìnì fi ń rán bọ́tìnì mọ́ aṣọ, kì í ṣe ẹ̀rọ. Bàbá tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ló fi lélẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó kú, torí ó ní bọ́tìnì tí ọwọ́ bá rán, ọmọ lè fi í jà ní pápá kó sì wọ̀ ọ́ dé ilé.

Maṣíìnì oníná ni gbogbo àwọn yòókù ń lò, àwọn tó ń kùn bí oyin inú igbá. Ti Ìyá Ẹ̀yìn nìkan ni maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀, irin dúdú àtijọ́ tó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Tó bá ń tẹ̀ ẹ́, kà-kà-kà rẹ̀ máa ń la gbogbo ìkùn yẹn já dé ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó jókòó sọ ọ́, ṣùgbọ́n kà-kà-kà yẹn ni gbogbo ẹsẹ̀ inú gbọ̀ngán ń tẹ̀ lé. Bí iṣẹ́ bá ń kánjú, Ìyá Ẹ̀yìn á mú un le díẹ̀, gbogbo ìlà á sì yára láìmọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gbé oyún wá síbi iṣẹ́, tàbí tí ojú ẹnì kan wú nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé, á rọra dẹ̀ ẹ́. Níwájú, Ọ̀gá Agogo, ọkùnrin tó ń bójú tó wọn, á máa lu agogo ìbẹ̀rẹ̀, agogo oúnjẹ àti agogo ìparí, á sì máa pariwo pé kí wọ́n má sùn. Àlejò tó bá wọlé á ní ọkùnrin yìí mà mọ iṣẹ́ o.

Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọkọ Ìyá Bọ́tìnì ni ọwọ́ obìnrin náà ti ń gbọ̀n. Ó ní òtútù ni. Nígbà tí oòrùn mú dé góńgó, ó ṣì ní òtútù ni. Ìyá Ẹ̀yìn kò bá a jiyàn. Tí ṣẹ́ẹ̀tì bá fẹ́ máa ga níwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ tirẹ̀ á falẹ̀. Tí kò bá ṣeé falẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, á ti díẹ̀ sínú agbọ̀n tó wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì rẹ̀, á fi yẹ̀rì rẹ̀ bò ó, títí ọ̀rẹ́ rẹ̀ á fi lé iṣẹ́ bá. Yẹ̀rì yẹn tóbi. Ó lè fi bo agbọ̀n mìíràn sí i.

Ibi tí wọ́n bá a dé nìyẹn tí orúnkún Ọ̀gá Agogo fi kọ iṣẹ́ sílẹ̀, tó sì ní òun ń lọ sinmi. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó pe Ìyá Ẹ̀yìn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń mu omi, ó ní òun lòun dárúkọ rẹ̀ fún Màdámù pé kó gba ipò òun. Ìyá Ẹ̀yìn bi í pé kí lòun fẹ́ fi ipò ṣe.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Ṣé o rò pé mi ò gbọ́ ni? Agogo tí mò ń lù, Màdámù ni mò ń lù ú fún, kó lè mọ̀ pé mi ò sùn. Ẹsẹ̀ rẹ làwọn èèyàn yìí ń gbọ́. Àìmọye ìgbà ni wọ́n fẹ́ kó maṣíìnì yẹn dà nù, tí mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Ó tó gẹ́ẹ́, jẹ́ kí wọ́n rí ẹni tó ń ṣe é.”

Ìyá Ẹ̀yìn wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé lórí tí wọ́n sì ń retí kó dúpẹ́. Ó dúpẹ́ náà.

Ọjọ́ kejì ni àga oníyíyí dé. Wọ́n gbé maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ lọ sí ilé ẹrù, wọ́n fi páálí lé e lórí. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń rán apá tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sún dé ibi tí Ìyá Ẹ̀yìn jókòó sí, pẹ̀lú maṣíìnì oníná tó ń sáré bí ẹni tí inú ń run tí kò tíì rí ilé ìyàgbẹ́. Ọmọ náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ni wọ́n ní kó ṣe, ó sì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó pé ìlàjì, ṣẹ́ẹ̀tì ti ga níwájú Ìyá Bọ́tìnì tó fi jẹ́ pé láti iwájú, gèlè rẹ̀ nìkan ni Ìyá Ẹ̀yìn ń rí. Gèlè náà wólẹ̀, kò gbé sókè. Àwọn tó ń lọ aṣọ ká ọwọ́ gbera, irin gbígbóná wọn dúró lásán. Gbogbo gbọ̀ngán ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó gbàgbé orin tó sì ń jó lọ.

Màdámù pè é sí ọ́fíìsì. Ọmọ bàbá tó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ni Màdámù yìí, ó kéré tó ọmọ tí Ìyá Ẹ̀yìn lè bí, kì í sì í ṣe èèyàn burúkú. Ìbẹ̀rù ló wà lójú rẹ̀. Ilé ìwé ńlá kan ti ní kí wọ́n rán aṣọ gbogbo ọmọ òun kó tó di pé wọ́n wọlé, wọ́n sì ti sọ fún un pé bí ó bá pẹ́, wọn ò ní padà wá mọ́. Ó bi Ìyá Ẹ̀yìn pé kí ni òkè aṣọ tí òun ń wò lẹ́yìn yẹn.

Ìyá Ẹ̀yìn ní òwú ni kò dáa, ó ń já. Màdámù ra òwú mìíràn. Nígbà tí òkè náà kò wálẹ̀, ó ní iná tó wà lókè ibẹ̀ ló ṣókùnkùn. Wọ́n pààrọ̀ gílóòbù. Ó ku díẹ̀ kó sọ pé abẹ́rẹ́ ń ṣàìsàn. Màdámù kì í ṣe òmùgọ̀, ó mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì.

“Mama, ẹ gbọ́. Mo mọ̀ pé ẹ láàánú. Àmọ́ ilé iṣẹ́ yìí ò lè pọn ẹnikẹ́ni mọ́. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì tí a máa kó àwọn àkọ́kọ́ lọ, kí òkè yẹn ti wálẹ̀. Bí kò bá wálẹ̀, lọ́jọ́ náà ẹ máa wá jókòó síbí, ẹ máa fi ẹnu ara yín dárúkọ ẹni tó ń fà wá sẹ́yìn, ẹni náà á sì lọ ilé. Ẹ̀yin lẹ wà níwájú báyìí.”

Ìyá Ẹ̀yìn mọ ilé tí ẹni náà á lọ. Yàrá kan ni, ìyá Ìyá Bọ́tìnì tó ti darúgbó wà lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, tí kò sì dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́ àfi ọmọ rẹ̀ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Lójoojúmọ́, bí àwọn méjèèjì bá ń rìn lọ sílé, Ìyá Bọ́tìnì máa ń dúró níwájú ilẹ̀kùn yẹn, á na ẹ̀yìn, á fa ìró rẹ̀ tọ́, á wá wọlé bí ẹni tó ti ogun ṣẹ́gun bọ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló ń wọlé lọ bá ìyá rẹ̀.

Nítorí náà ni Ìyá Ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í jí aṣọ gbé. Kì í ṣe olè, iṣẹ́ ló ń jí ṣe. Tó bá ti sin ọ̀rẹ́ rẹ̀ délé, á padà síbi iṣẹ́, á kó ṣẹ́ẹ̀tì láti ìsàlẹ̀ òkè yẹn sínú àpò, á gbé e lọ ilé. Tí ilẹ̀ bá ń mọ́ bọ̀, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti kọ́kọ́ ń dé, á máa rán bọ́tìnì. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, á jókòó tì í, á máa ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún un, á fi awò ojú sí ṣóńṣó imú bí alákọ̀wé.

“Nígbà tí o wà lẹ́yìn,” ni ọkọ rẹ̀ wí, “ẹ̀yìn ríro lo máa ń gbé wálé. Wọ́n wá gbé ọ síwájú, o ń di ẹ̀yìn sínú àpò bọ̀.”

Ìyá Ẹ̀yìn ní kó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, kó yéé ṣàròyé. Ọkọ rẹ̀ ki òwú bọ̀ ọ́. Nígbà tó yá ó tún ní, “Ṣé ọ̀rẹ́ rẹ mọ̀?” Ìyá Ẹ̀yìn mú bọ́tìnì mìíràn.

Ó máa ń tètè dé ibi iṣẹ́, á ti àwọn tó ti rán sáàárín àwọn tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti rán tán kí ẹnikẹ́ni tó dé. Òkè sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Màdámù rẹ́rìn-ín sí i láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì. Èyí tó burú jù ni pé inú Ìyá Bọ́tìnì náà dùn. Ó ń kọrin lábẹ́ ètè. Bí wọ́n ti ń rìn lọ sílé, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sínú oòrùn ìrọ̀lẹ́, ó ní, “Wò ó, ọ̀rẹ́ mi, mo rò pé òtútù yẹn ti ń lọ.” Ọwọ́ náà ń gbọ̀n bó ṣe ń gbọ̀n láti ẹ̀yìn wá. Ìyá Ẹ̀yìn ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti ń lọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara rẹ̀ bí ẹni pé òun ló máa kọ́ ọ lọ́nà ilé.

Ojú ihò mẹ́rin ni bọ́tìnì wọn máa ń ní. Bí Ìyá Bọ́tìnì ṣe ń rán tirẹ̀ ni pé òwú méjèèjì máa ń ré kọjá ara wọn láàárín, bí ẹni tó ká ọwọ́ gbera sí àyà. Bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn, nígbà tí ìyá ṣì dá èèyàn mọ̀. Kò sí bọ́tìnì tó ti gbọ̀ngán yẹn jáde rí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá Ẹ̀yìn mọ èyí dáadáa, ó sì ń ré e kọjá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ dà bí ẹṣin, tí oorun bá ń kun ẹni tó gùn ún, ilé ara rẹ̀ ló máa gbà lọ. Ní Ọjọ́bọ̀, láàárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí ojú rẹ̀ ti wúwo, ọwọ́ Ìyá Ẹ̀yìn padà sí àṣà tirẹ̀. Ó rán odindi ṣẹ́ẹ̀tì kan pẹ̀lú òwú méjì tó dọ́gba ní ìbú, tí kò fara kan ara wọn, bí ojú irin rélùwéè. Kò rí i.

Ìyá Bọ́tìnì rí i. Nígbà tí wọ́n dá iṣẹ́ dúró láti jẹun, tí àwọn yòókù ti jáde lọ sínú ọgbà pẹ̀lú búrẹ́dì wọn, ó rìn láti ẹ̀yìn wá dé iwájú, ó tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà sórí tábìlì.

“Ọwọ́ ta nìyí?”

Ìyá Ẹ̀yìn fẹ́ fi ṣeré. Ó ní bóyá abẹ́rẹ́ ló yí ẹ̀sìn padà. Ìyá Bọ́tìnì kò rẹ́rìn-ín.

“Ìbéèrè ni mo bi ọ́.”

“Ọwọ́ mi ni.”

“Láti ìgbà wo?”

Ó lè sọ pé láti àná. Irọ́ ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ látìgbà tó ti gun àga yẹn. Ṣùgbọ́n ojú tó ń wò ó yìí ti wò ó lórí ìkúnlẹ̀ abiyamọ rí, ó ti wò ó níbi òkú ọmọ rí. “Bọ́tìnì, ọ̀sẹ̀ yìí ni,” ló wí. “Àmọ́ ẹsẹ̀ mi... Láti ìgbà tí ọwọ́ rẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń fa ẹsẹ̀ mi dè ọ́. Gbogbo wa la jọ ń falẹ̀. Wọn ò mọ̀.”

Ìyá Bọ́tìnì jókòó lórí páálí tó wà nítòsí. Ó fi ọwọ́ kan di èkejì mú, kí wọ́n lè dúró.

“Ọmọ tí a pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn,” ló wí jẹ́jẹ́. “Kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yẹn. Mo sì ń fi í bú àwọn ẹlòmíì. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo ń na ẹ̀yìn wọlé tọ ìyá mi, mo rò pé ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn débẹ̀. Èmi àgbàlagbà! Ẹ̀yìn rẹ ni mo wà.”

“Mi ò fẹ́ kí wọ́n lé ọ ni. Màdámù ní lọ́jọ́ Ẹtì kí n wá dárúkọ ẹni tó ń fà wá sẹ́yìn.”

“Mo mọ̀. O ò fẹ́ kí wọ́n lé mi. Ṣùgbọ́n o ò bi mí. O bá gbogbo gbọ̀ngán sọ̀rọ̀ nípa mi, o fi ẹsẹ̀ sọ ọ́ lójoojúmọ́, èmi nìkan lo ò sọ fún.”

Ó dìde, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ síbẹ̀, bọ́tìnì dojú kọ òkè. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun nìkan ló rìn lọ sílé. Ìyá Ẹ̀yìn onídìí ńlá tẹ̀ lé e láti òkèèrè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò sì lè pè é.

Ìyá Ẹ̀yìn kò kó ṣẹ́ẹ̀tì kankan dání ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé tí ilẹ̀ bá mọ́, orúkọ ara òun lòun máa dá fún Màdámù. Òun lòun ń fa ilé iṣẹ́ sẹ́yìn, kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ ilé. Ọkọ rẹ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Ìyẹn náà, ṣé o ti bi ọ̀rẹ́ rẹ léèrè?” Ìyá Ẹ̀yìn yí ẹ̀yìn sí i, bẹ́ẹ̀dì sì han.

Nígbà tó dé ọ́fíìsì ní ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Bọ́tìnì ti wà níbẹ̀ lórí ìdúró. Kò jókòó síbi tí wọ́n ní kó jókòó. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú Màdámù, wọ́n ń gbọ̀n bí ewé tí ẹ̀fúùfù ń bá wí.

“Ẹ má bi ẹnikẹ́ni ní orúkọ mi,” ló wí. “Èmi ni. Ẹ wò ó fúnra yín.”

Màdámù kò lè wò ó. Ọwọ́ wọ̀nyẹn ló rán bọ́tìnì mọ́ yunifọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ tí òun náà wọ̀ lọ ilé ìwé, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń ti pẹ́ńsù rẹ̀ síwá sẹ́yìn lórí tábìlì. Ó yíjú sí Ìyá Ẹ̀yìn, ó ní, “Mama, kí ni ká ṣe?”

Ìyá Ẹ̀yìn ti múra orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu. Ó gbé e mì. Ó wo ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kì í ṣe bó ṣe máa ń wò ó, ní kọ̀rọ̀ ojú. Lọ́tẹ̀ yìí ó wò ó ní gbangba. Ó rí i pé tí ọ̀kan bá fara ti tábìlì, ọ̀kan yẹn máa ń dákẹ́.

Ó kọ́kọ́ yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. “Ọwọ́ rẹ ló ń gbọ̀n. Ẹsẹ̀ rẹ kò gbọ̀n. Maṣíìnì mi wà ní ilé ẹrù. Ẹni tó bá ń pa ẹ̀gbẹ́ aṣọ pọ̀, ṣe ló máa ń tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì, tábìlì ló ń bá a gbé e. Ọ̀dọ́bìnrin yẹn ní ìka tó yá, o lè kọ́ ọ ní bọ́tìnì, bí ìyá rẹ ṣe ń ré e kọjá. Ṣé o fẹ́ bẹ́ẹ̀?”

“O wá bi mí lónìí,” ni Ìyá Bọ́tìnì wí. Kò sí ẹ̀rín nínú ohùn rẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi wọ́n sábẹ́ apá. “Mo máa gbìyànjú ẹ̀.”

Màdámù ní kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ títí àwọn á fi kó ìyókù aṣọ ilé ìwé yẹn lọ. Lẹ́yìn náà, òun ò lè ṣèlérí. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Òótọ́ ló sọ.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n gbọn eruku nù lára irin dúdú náà, wọ́n gbé e padà sí ẹ̀yìn. Ìyá Bọ́tìnì jókòó sídìí rẹ̀ láìkí ẹnikẹ́ni níwájú. Kà. Ó dúró. Kà-kà. Ó tún dúró, òwú já, ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́ padà fúnra rẹ̀, ó sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ẹsẹ̀ inú gbọ̀ngán ń tiro tẹ̀ lé e bí arọ. Ìyá Ẹ̀yìn di etí àga rẹ̀ mú, kó má baà dìde. Kò dìde. Nígbà tí oòrùn ti wọ inú gbọ̀ngán dáadáa, kà-kà-kà ti ń rìn, ó ń tiro díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń lọ.

Iṣẹ́ tirẹ̀ níwájú ni pé kó yẹ gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti lọ̀ wò kí wọ́n tó dì í. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọkàn rẹ̀ kò sí lára wọn. Ó ti yẹ ọ̀kan wò lẹ́ẹ̀mejì, ó tún gbé e padà. Kó tó mọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì ti ga níwájú òun náà. Ó ń làágùn lábẹ́ ọmú. Ó wo ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, tó ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Òkè náà ń ga sí i.

Ni kà-kà-kà bá falẹ̀.

Ó falẹ̀ jẹ́jẹ́, láìsí ẹni tó pàṣẹ. Àwọn tó ń rán ọrùn falẹ̀, àwọn tó ń rán apá falẹ̀, ọmọbìnrin tó ń kọ́ bọ́tìnì gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́, àwọn tó ń lọ aṣọ fi irin lélẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìyá Ẹ̀yìn yẹ ṣẹ́ẹ̀tì wò, ó tún yẹ òmíràn, títí òkè iwájú rẹ̀ fi wálẹ̀.

Ó gbé ojú sókè. Ní ìparí gbọ̀ngán, Ìyá Bọ́tìnì dorí kọ aṣọ, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì. Bóyá ẹsẹ̀ ló rẹ̀ ẹ́. Bóyá òwú ló tún fẹ́ já. Inú bí Ìyá Ẹ̀yìn: ta ló sọ pé òun nílò ẹni tó máa dúró de òun, ta ló bẹ̀ ẹ́? Bí ó ti ń wí bẹ́ẹ̀ nínú ara rẹ̀ ni ó dá ìbínú náà mọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ ló rí i kẹ́yìn, níwájú tábìlì yìí kan náà, lójú ẹlòmíràn.

Kò rí ohun tó lè ṣe sí i. Ó fà sẹ́yìn kó lè gbé ṣẹ́ẹ̀tì tó kàn, ni àga ẹlẹ́táyà bá tún sá lọ lábẹ́ rẹ̀, ìdí rẹ̀ sì gbá ilẹ̀ gbì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, etí gbogbo wọn wà ní ẹ̀yìn. Bí ó ti ń di ẹsẹ̀ tábìlì mú láti dìde, ó gbọ́ tí ẹnì kan fi imú rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́hùn-ún ní ìparí gbọ̀ngán, ẹ̀rín kúkúrú, bí ẹni tó sín. Kò yíjú wo ẹni náà. Kà-kà-kà kò dúró.